Pápá Aláṣọ Kì Í Ṣe ti Olóyè Kọ̀yà

Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti ń ṣe àjọ̀dún ìdásílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn onírédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó sọ Èkó di Èkó. Ọba, gómìnà, lọ́yà, dókítà, àwọn oníṣòwò tí owó wọn ò lóǹkà. Mo máa ń tẹ́tí sí wọn dé ìparí, lẹ́yìn náà màá fi ìbínú pa rédíò. Wọn kì í dárúkọ ará Ajégúnlẹ̀ kankan, àfi ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù tàbí ẹni tó kọrin. Àwa yòókù ńkọ́? Ṣé oorun là ń sùn látàárọ̀ ni?

Èkó tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yìí, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí ibì kan tó di ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀, ẹnì kan ló da yanrìn síbẹ̀. Ta ni? Mo mọ ọ̀kan nínú wọn. Àdùfẹ́ ló ń jẹ́, iṣẹ́ agbàfọ̀ ló ń ṣe, ilé kan náà la sì jọ ń gbé lẹ́yìn ọjà Boundary ní Ajégúnlẹ̀, yàrá tirẹ̀ kọjú sí yàrá tèmi. Èmi ń bá àwọn ejẹ́ńtì gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù nígbà náà. Ó ti di olóògbé báyìí. Bí rédíò ò bá dárúkọ rẹ̀, èmi á dárúkọ rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú bínú.

Àdùfẹ́ ò ga. Bó bá jókòó sẹ́yìn báàfù ìfọṣọ rẹ̀, gèlè rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Ṣùgbọ́n ohùn tí Ọlọ́run fún un! Bó bá pe èèyàn ní ẹ̀yìnkùlé wa, àwọn tó ń ta ata ní Boundary á dáhùn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, Mùsùlùmí pọ́ńbélé. Ebimobowei, ọkùnrin tó fẹ́, ọmọ Ìjọ̀ láti ẹsẹ̀ odò ni, lébìrà ni ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ló sì ń lọ. Ẹbí tibí ní kò lè pẹ́, ẹbí tọ̀hún ní ó ti tú ká. Kò tú ká. Ikú ló yà wọ́n lọ́dún 1981, nígbà tí okùn já tí ẹrù sì já lu Ebimobowei nínú ọkọ̀ òkun. Ó wá ku Àdùfẹ́ àti Tonbra, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo.

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti ilé, wọ́n ní kó di ẹrù rẹ̀ kí wọ́n máa lọ.

"Kí n lọ ṣe kí ni?" Àdùfẹ́ bi wọ́n. "Kí n lọ jókòó sójúde kí wọ́n máa fi mí káàánú? Èkó ló gba ọkọ mi. Èkó náà ló máa bọ́ mi."

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bó ṣe jáde opó báyìí, ó ru báàfù rẹ̀, ó rìn wọ Àpápá GRA, ó ń kan géètì kiri. Ilé àwọn máníjà, ilé àwọn òyìnbó ọkọ̀ òkun, ilé àwọn lọ́yà. Dírẹ́bà wọn á ní kó máa lọ, yóò kúnlẹ̀ kí dírẹ́bà, á sì tún ilẹ̀kùn náà kàn. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nípa obìnrin yìí nìyẹn. Kò sí ẹni tó mọ ìkúnlẹ̀ bíi tirẹ̀. Orúnkún méjèèjì ló máa ń kanlẹ̀, àní pẹ̀lú ẹrù lórí. Ṣùgbọ́n bó bá ti kúnlẹ̀ tán, ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an ló máa sọ.

Kò mọ̀wé, nítorí náà òwú ló fi ń ṣe àmì sára aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ òwú tirẹ̀, tí yóò fi abẹ́rẹ́ ràn sínú ọrùn aṣọ níbi tí ojú ò ti ní í rí i. Bí gbogbo alágbàfọ̀ Ajégúnlẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ń fọ̀, ó ń fi búlúù sí i, ó ń fi sítáàṣì sí i, ó sì ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí ṣòkòtò á fi lè dá dúró láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Alágbàfọ̀ a sì máa mọ àṣírí. Ó mọ ọ̀gá tí àtíkè obìnrin mìíràn wà ní kọ́là rẹ̀, ó mọ ìyáàfin tó ń fi etí ìró nu omijé. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan pé kó dárúkọ wọn fún mi, kí n lè rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Kànmí," ó ní, "ṣé tìrẹ ò dọ̀tí ni?"

Mo gba yàrá mi lọ.

Wàhálà kan ṣoṣo tó ní ni ibi tí yóò sá aṣọ sí. Ẹ̀yìnkùlé wa kò tó nǹkan, èéfín ìdáná gbogbo ilé ló sì ń gba ibẹ̀. Kí aṣọ òyìnbó máa rùn bí ẹja yíyan, ìyẹn ò ṣeé gbọ́ sétí ní GRA. Níbi tí Ajégúnlẹ̀ ti parí tí Àpápá ti bẹ̀rẹ̀, àbàtà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kọ̀ǹkọ̀ àti ààtàn ló ń bá ara wọn gbé. Gbogbo wa là ń dimú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àdùfẹ́ nìkan ló dúró wò ó. Ó ní oòrùn pọ̀ níbẹ̀.

Ó lọ bá àwọn awakọ̀ típà tó ń kó yanrìn kiri. Àdéhùn rẹ̀ rọrùn: ẹ da yanrìn síbẹ̀ fún mi, n ó máa fọ aṣọ yín. Ẹ mọ bí aṣọ awakọ̀ típà ṣe ń rí? Epo ẹ́ńjìnnì, òógùn, ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn tó kù ń sinmi, Àdùfẹ́ ń gbo aṣọ àwọn onítípà. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Perpetual, alágbàfọ̀ ọmọ Ìbò kan tó ń gbé òpópónà kejì sí wa, a máa kígbe bó bá ti rí i: "Adufe wan use soap buy ocean!" Àbàtà sì ń gbé yanrìn mì bí ẹni tí ebi ti pa láti ọjọ́ pípẹ́. Típà kan á já a sílẹ̀ lónìí, yóò di ọ̀túnla kẹ́ ẹ má rí i mọ́. Èmi fúnra mi sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀.

Nígbà tó yá, yanrìn kan kọ̀, kò rì mọ́. Perpetual tó ń rẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kò rì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun náà ti ń fọ aṣọ onítípà. Àwọn alágbàfọ̀ tó kù dara pọ̀ mọ́ wọn, Ìbò, Úróbò, Yorùbá, Ìjọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nígbà tí 1984 fi máa parí, koríko ti hù bo gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ ti le dáadáa. Àwa la sọ ọ́ ní Pápá Aláṣọ. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀, aṣọ ló ni ín. Bí wọ́n bá ti ká aṣọ tó kẹ́yìn, àwọn ọmọ á gbé bọ́ọ̀lù wọlé. Kò sí ìjọba tó bá wa dá a. Kò sí ẹni tó fún wa ní ìwé kankan lórí rẹ̀, àwa náà ò sì béèrè.

Ibẹ̀ ló wọ Olóyè Kọ̀yà lójú.

Olóyè Kọ̀yà ló ni àwọn tírélà tó máa ń tò sí Liverpool Road. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wà ní GRA. Kì í ṣe oníjàgídíjàgan o. Ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu rẹ̀, á béèrè ọmọ rẹ lọ́wọ́ rẹ, á fọwọ́ gbá ọ léjìká. Irú wọn ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Tírélà rẹ̀ pọ̀ ju ojú títì lọ, ó sì ń wá ibi tí yóò kó wọn sí. Lọ́dún 1988, bí òjò ṣe dá, ó gba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba, ó gbé mọ́tò wá sí Pápá Aláṣọ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ó ní, "development ti dé. Tírélà ló máa wà níbí báyìí. Èmi náà á ṣe yín lóore, ẹ má ṣèyọnu."

Àdùfẹ́ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Aṣọ agbádá Olóyè pàápàá, òun ló ti ń fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ẹ kú àárọ̀, sà," ó ní láti orí ìkúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Pápá yìí ò ní í di ibùdó tírélà."

Olóyè rẹ́rìn-ín. "Ìyá Tonbra, àbàtà nibí yìí. Government land ni."

"Nígbà tó jẹ́ àbàtà, gọ́fúmẹ́ǹtì ò dá a mọ̀, sà. Ìgbà tó gbẹ tán ló wá di ọmọ gọ́fúmẹ́ǹtì?"

Ẹ̀rín lọ lójú Olóyè. Ó ní kí wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa, katapílà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tí kò bá kó aṣọ rẹ̀ kúrò kó má wá sunkún. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Ẹ wò ó, ibi tí ọlọ́gbọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe nìyí. Ọjọ́ Ajé ni gbogbo GRA máa ń kó aṣọ fún àwọn alágbàfọ̀ wa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń sá wọn. Ó ti di àṣà, àwọn kúùkù àti dírẹ́bà ti mọ̀ ọ́n sórí. Ọkùnrin tí tírélà rẹ̀ kún Liverpool Road ò mọ ọjọ́ tí wọ́n ń fọ ṣòkòtò tó ń wọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, kúùkù Olóyè Kọ̀yà gbé ìdì aṣọ dé bó ṣe máa ń gbé e dé, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Àdùfẹ́, ó ní ọ̀gá ní kó fi sítáàṣì tó pọ̀ sí agbádá àláárì.

Perpetual sáré wá. "Àdùfẹ́, make we carry the cloth go back. Katapila dey come tomorrow. If oyinbo cloth spoil, who go pay?"

"Ẹ fọ̀ ọ́," Àdùfẹ́ dáhùn.

"You no hear wetin I talk?"

"Mo gbọ́. Ẹ fọ gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó funfun. Lọ́la, ẹ má sá a sí àárín pápá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì."

Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Bí aṣọ ilé GRA kan bá bàjẹ́, orúkọ ẹni tó fọ̀ ọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ta ni yóò tún gbé aṣọ fún un? Gbogbo ohun tó ní láyé ló fẹ́ tẹ́ sílẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì yẹn. Inú mi ò dùn sí i, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń gbo aṣọ rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò lọ sí wọ́ọ̀fù. Nígbà tí mo dé pápá, funfun ni gbogbo rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, léèsì, aṣọ àwọn lọ́yà, gbogbo rẹ̀ nà gbalaja láti ojú títì títí dé òpin pápá. Iwájú pátápátá, agbádá àláárì Olóyè Kọ̀yà ló ṣíwájú, ó na apá rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Katapílà dé. Lucky lorúkọ ẹni tó ń wà á, ọmọ àdúgbò wa náà ni. Ó rí aṣọ, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Mama Tonbra, abeg, comot the cloth make I do my work."

"Kò tíì gbẹ," Àdùfẹ́ ní.

Lucky rán ẹnì kan lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Kò pẹ́ tí Olóyè Kọ̀yà dé, léèsì búlúù lọ́rùn. Ó rí agbádá rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ ò rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà! Ọ̀rọ̀ dídùn gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ẹ rò pé aṣọ ló máa dá mi dúró?" ó kígbe. "Lucky, gùn ún! Màá ra òmíràn!"

Lucky tan ẹ́ńjìnnì. Katapílà bọ́ síwájú, ó gun agbádá náà, ó lọ́ ọ mọ́ irin ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wọ inú ilẹ̀. Àwọn obìnrin figbe ta. Àdùfẹ́ ò kígbe. Ó rìn lọ sẹ́yìn agbádá tó ti di àkísà, ó dúró níwájú aṣọ tó tẹ̀ lé e, ó ká ọwọ́ gbera. Lucky wo aṣọ náà. Funfun báláú ni, bọ́tìnnì tó ń tàn bíi wúrà ló tò sí àyà rẹ̀. Ṣìkìdì, katapílà dúró. Lucky fò sílẹ̀.

"Oga, na navy cloth be this. Na Commander own."

"Gùn ún, mo ní!"

"Oga, khaki no be leather. I get pikin for house. I no dey inside."

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nígbà ìjọba ológun, ẹ̀yin mọ ohun tí mò ń sọ. Aṣọ sójà lásán, tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, ó lágbára ju lọ́yà mẹ́wàá lọ. Kọ́mándà yìí, ọ̀gá nínú àwọn ológun ojú omi ni, GRA ló ń gbé, ọwọ́ Àdùfẹ́ ni aṣọ ìparéèdì rẹ̀ sì ti ń jáde. Olóyè ní kí àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ kó o kúrò. Wọ́n wo ara wọn. Àdùfẹ́ ní kí ẹni tó bá kó o rántí orúkọ bàbá rẹ̀ dáadáa, nítorí Kọ́mándà á béèrè. Kò sí ẹni tó mira. Olóyè fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́, ó fà á padà. A bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló dùn ún jù. Ó rán dírẹ́bà rẹ̀ lọ sílé Kọ́mándà pé alágbàfọ̀ kan ń fi aṣọ ìjọba ṣe ẹní lórí ilẹ̀. Ó rò pé òun ti rí pàṣán tí òun máa fi nà án.

Kọ́mándà dé pẹ̀lú àwọn sójà nínú Land Rover. Ọ̀rọ̀ wá di iṣẹ́ ńlá. Àdùfẹ́ kúnlẹ̀, ó kí i, ó dìde. Kọ́mándà wo aṣọ rẹ̀ nílẹ̀, ó wo katapílà, ó wo obìnrin kúkúrú yìí.

"Kneel down!" ó jágbe.

Perpetual ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Àdùfẹ́ dúró.

"Mo ti kúnlẹ̀ kí yín, sà," ó ní. "Ìyẹn tọ́ sí yín. Ìkúnlẹ̀ ìjìyà, mi ò ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí màá ṣe é fún. Lórí koríko yìí ni aṣọ yín ti ń funfun láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín. Olóyè ló ní kí katapílà gùn ún. Èmi ló dúró níwájú rẹ̀."

Kọ́mándà yíjú. "Ta ló ni ẹ́ńjìnnì yìí?"

Olóyè Kọ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í da gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, development, permit, ìwé ọ́fíìsì. Kọ́mándà kò jẹ́ kó parí rẹ̀.

"You! Kneel down!"

Olóyè Kọ̀yà kúnlẹ̀. Kò janpata, kò béèrè ìdí. Ó kúnlẹ̀ tòun ti léèsì búlúù, nínú ẹrẹ̀ tí katapílà tirẹ̀ hú jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbádá àláárì tirẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n ò ní í purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Kọ́mándà ní kí katapílà kúrò níbẹ̀, òun ò fẹ́ rí i mọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kò sí aráàlú tí yóò kọ àṣẹ sí òun lẹ́nu níwájú àwọn ọmọ òun, wọ́n sì gbé Àdùfẹ́ sínú Land Rover. Inú bí mi, ó sì ń bí mi títí di òní. Obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ilẹ̀ jáde látinú omi, wọ́n gbé e lọ bí olè, kìkì nítorí pé ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ló lò lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n dá a dúró sínú oòrùn, wọ́n ní kó kúnlẹ̀, ó ní rárá, wọ́n tún dá a dúró. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà wálé, eruku bò ó dé orúnkún, ètè rẹ̀ bó. A sáré pàdé rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé wọ́n ti gbé katapílà kúrò?" A ní wọ́n ti gbé e kúrò. Ìgbà yẹn ló tó jókòó sílẹ̀, tó sì sunkún bí ọmọdé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Kọ́mándà gba aṣọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Àdùfẹ́. Àwọn ilé GRA tó pọ̀ náà gba tiwọn, wọ́n ní oníjàngbọ̀n ni. Èyí tó dùn mí jù ni àwọn alágbàfọ̀ kan, tí wọ́n ń sá aṣọ lórí ilẹ̀ tó ṣe, tí wọ́n wá ń sọ pé òun ló ba ọjà àwọn jẹ́. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́. Perpetual ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. "If una no want Adufe," ó ní, "comot una cloth for Adufe ground." Kò sí ẹni tó ká aṣọ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àwọn oníbàárà ń padà, nítorí wọ́n rí bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń lọ aṣọ. Kódà ìyàwó Olóyè Kọ̀yà ò fìgbà kan dáwọ́ dúró. Ó ní ìjà ilẹ̀ ni ọkọ òun bá a jà, kì í ṣe ìjà sítáàṣì.

Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n gbé Kọ́mándà lọ síbòmíràn. Nígbà tí ológun gba àwọn òṣèlú láàyè, ní nǹkan bí 1991, Olóyè Kọ̀yà jáde láti du ipò. Ọ̀rọ̀ dídùn ti padà sẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, a jí rí òpó irin méjì lórí Pápá Aláṣọ, pátákó ńlá kan wà lórí rẹ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì tutù: PÁPÁ OLÓYÈ KỌ̀YÀ, Ẹ̀BÙN FÚN ÀWỌN ỌMỌ AJÉGÚNLẸ̀.

Ẹ̀bùn! Mo fẹ́ ju òkúta. Àdùfẹ́ ò mọ̀wé, èmi ni mo kà á fún un. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Bí wọ́n bá gbà pé òun ló fún wa," ó ní, "lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbà á, ta ló máa dá a lóhùn?"

Òótọ́ ló sọ. Àwa tí a ò ní ìwé, ẹnu nìwé wa. Bí ẹnu gbogbo ayé bá ti pe ilẹ̀ náà ní ti Kọ̀yà, tí ìbò bá ti parí, àwọn tírélà máa wọlé, kò sì ní sí aṣọ sójà tó máa dá wọn dúró lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ṣí pátákó náà. Wọ́n ta kánópì, wọ́n to àga, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé. Adarí ètò ń ka orúkọ àwọn ènìyàn ńlá tó tún Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ṣe. Orúkọ Olóyè Kọ̀yà ló ṣáájú. Ó ní ẹni tó sọ àbàtà di pápá nìyí, àwọn tí kò mọ̀ pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá pe Àdùfẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí àgbà àdúgbò, kó wá gba áyọ́ọ̀nù oníná gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, kó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olóyè fún ilẹ̀. Olóyè na ọwọ́ áyọ́ọ̀nù sí i, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn oníkámẹ́rà.

Àdùfẹ́ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn èrò. Báàfù wà lórí rẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbààgbà tó jókòó, ó dìde, kò gba áyọ́ọ̀nù, kò sì dúró nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìdí pátákó ló lọ. Ó fa bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì kan yọ nínú báàfù, tó ṣì ń kán omi, ó ta á jù sókè. Ìlàjì pátákó ló mú. Ó fà á, ó tẹ́ ẹ dáadáa, ó ṣe gbogbo etí rẹ̀ gún, kò ku lẹ́tà kan níta.

"Ìyá!" adarí ètò kígbe. "Pátákó Olóyè nìyẹn!"

Àdùfẹ́ wá yíjú sí àwọn èèyàn. Kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Mo rí i," ó ní. "Ó dára fún sísá aṣọ. Ọjọ́ tí mo ń da yanrìn síbí, mi ò rí Olóyè. Perpetual ni mo rí. Àwọn onítípà ni mo rí. Ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ ilẹ̀, kó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Perpetual ti ń bọ̀ pẹ̀lú báàfù tirẹ̀. Ó sá ṣẹ́ẹ̀tì sórí okùn kánópì. Alágbàfọ̀ mìíràn sá ìró sẹ́yìn àga tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Gbogbo wọn ń bọ̀, ibi gbogbo ń kán omi, àwọn olóṣèlú ń gbé fìlà wọn sá. Àwọn ọmọ àdúgbò sì gbé igbe sókè, wọ́n ń pariwo "Pápá Aláṣọ! Pápá Aláṣọ!" títí ẹnikẹ́ni ò fi gbọ́ ohun tí adarí ètò ń sọ mọ́. Olóyè Kọ̀yà tọ́ka sí ọ̀kan nínú àwọn géńdé rẹ̀ pé kó lọ fa bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì yẹn wálẹ̀.

"Ti ìyàwó yín ni, sà," Àdùfẹ́ sọ fún un. "Bó bá jábọ́ sínú ẹrẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé nílé."

Géńdé náà wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wo ilẹ̀.

Olóyè Kọ̀yà ò wọlé ìbò náà, tírélà kankan ò sì tẹ ẹsẹ̀ síbẹ̀ títí Àdùfẹ́ fi kú lọ́dún 1998. Pátákó náà wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Àdùfẹ́ ní kí wọ́n má hú u, pé òpó rẹ̀ lágbára. Láàárọ̀, aṣọ á bò ó. Bí wọ́n bá ká èyí tó gbẹ, wọ́n á sá òmíràn. Omi aṣọ àti òjò fọ ọ̀dà ara rẹ̀ títí tó fi ṣí kúrò. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà ò mọ̀ pé orúkọ èèyàn kan ti wà lára rẹ̀ rí. Bẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé kí ni irin ńlá yẹn wà fún, wọ́n á ní wọ́n gbé e síbẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì.